Bí a ṣe gba lẹ́jà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn kọṣẹ́

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ní Ìbàdàn tí mi ò ní dárúkọ. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ń fi sọ́fítíwíà kan ṣoṣo tọ́jú lẹ́jà wọn, ìyẹn ìwé ìṣirò owó wọn: iye tí oníkálukú ń dá lóṣooṣù, ẹni tó yá owó, èlé tó gorí ẹ̀yáwó, iye tó ṣẹ́kù lọ́rùn ẹni. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ ọ́ fún wọn ti di olóògbé. Èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Clipper ló fi kọ ọ́, fún DOS tó ṣáájú Windows, kò sì sẹ́ni tó rí kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tó kọ, mọ́. Kìkì fáìlì EXE tó ń ṣiṣẹ́ ló kù. Orí kọ̀ǹpútà Windows XP kan ni wọ́n ti ń lò ó, Windows XP tí Microsoft ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014. Síbẹ̀, sọ́fítíwíà yìí kò tíì ṣi owó ẹnikẹ́ni ṣírò rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ, torí àwa tí à ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń yára fojú tín-ín-rín ohun tó bá ti pẹ́.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló bàjẹ́. Epson LX-300 ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ gún ríbọ́ọ̀nù mọ́ ìwé, tó ń dún kẹrẹkẹrẹ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ 9 ló wà ní orí rẹ̀, wọ́n tò lérí ara wọn. Ọ̀kan láàárín wọn ti kán. Ẹni tó bá wo ìwé náà fìrí lè má mọ̀. Ìlà funfun tín-ín-rín kan ṣáá ló gba àárín gbogbo ọ̀rọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìlà yẹn ń fi nọ́ńbà ṣe: 8 tí ìbàdí rẹ̀ bá ti pòórá, 0 ló máa jọ. Akápò ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ìyá àgbà ni, gbogbo wa ń pè wọ́n ní Mọ́mì, àwọn ló ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ náà kí kọ̀ǹpútà tó dé ọ́fíìsì wọn. Ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ mú ìwé wá pé 60,000 náírà ni gbèsè òun. Mọ́mì wò ó, wọ́n ní, "68,000 lo jẹ. Ìwé yìí ló ń purọ́." Ọkùnrin náà kò gbà. Ohun tó wà lórí ìwé ló rí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ́dítọ̀ wọn kọ lẹ́tà pé òun ò gba ìwé títẹ̀ mọ́, fáìlì ni òun fẹ́, ti ọdún 3 sẹ́yìn, ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pè mí nìyẹn.

"Ọmọ mi," Mọ́mì wí bí mo ṣe jókòó, "má bá mi tú nǹkan kan palẹ̀ o. Ohun tó ń tẹ̀ sórí ìwé gan-an ni kó o bá mi kó sínú fáìlì."

Ká ní mo fetí sí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa ni, ǹ bá ti jèrè ọjọ́ 2.

Mo ṣe ohun kan tó tọ́ ná: mo ṣe ẹ̀dà gbogbo fódà náà sórí fláàṣì 2 kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣe ohun tó jọ ọgbọ́n lójú mi. Inú fáìlì alátẹ tí wọ́n ń pè ní DBF ni Clipper máa ń kó àkọsílẹ̀ sí, LibreOffice Calc, sọ́fítíwíà ìṣirò bíi Excel, sì lè ṣí DBF láìsí wàhálà. Mo ṣí i. Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, iye tí wọ́n dá wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n yáwó wà níbẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní kí la tún ń wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí, ṣebí mo kàn máa ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú Calc ni, ó bùṣe.

Mọ́mì ní kí n mú káàdì ẹnì kan jáde. Wọ́n wá ìwé àtijọ́ ẹni náà, èyí tí wọ́n tẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó kán, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n fi rúlà tẹ ìlà tó kẹ́yìn mọ́lẹ̀. Owó tí ẹni náà dá bára mu. Gbèsè rẹ̀ kò bára mu rárá. Èlé wà lórí ìwé, kò sí nínú DBF. Mo wá a títí nínú gbogbo fáìlì tó wà nínú fódà, kò sí. Olóògbé yẹn kò fi èlé pamọ́ síbi kankan. Ìgbà tí wọ́n bá ní kí sọ́fítíwíà tẹ̀wé ló tó ń ṣírò rẹ̀, láti ọjọ́ tí ẹni náà yáwó títí di ọjọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú àwọn òfin ẹgbẹ́ tó ti há sínú kóòdù: oṣù tí wọ́n fi ń ṣàánú aláìsàn, ìdá èlé tó yí padà láàárín. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó ti gbàgbé. Orí ìwé nìkan ni ìṣirò yẹn ń gbé.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Mo ti ń ka ìwé tó ń jáde sí ẹ̀dà àkọsílẹ̀, òun gan-an sì ni àkọsílẹ̀. Bí mo bá fẹ́ òótọ́ owó àwọn èèyàn yìí, àfi kí n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbà jáde.

Ẹnu ọ̀nà yẹn, ibi tí a ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ lára kọ̀ǹpútà, ń jẹ́ LPT1, PRN ni ìnagijẹ rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe ni pé sọ́fítíwíà DOS kì í fa iṣẹ́ ìtẹ̀wé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ti Windows máa ń ya àwòrán ojú ìwé, sọ́fítíwíà awakọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á wá túmọ̀ rẹ̀. Ti DOS gbọ́ èdè ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀. Ó ń da báìtì síta lẹ́yọ lẹ́yọ láti inú LPT1, lẹ́tà, nọ́ńbà, àti àwọn àṣẹ tó ń sọ pé kí orí ẹ̀rọ ṣe báyìí ṣe bọ́ọ̀hùn. Ẹni tó bá gbé igbá sábẹ́ ibẹ̀ á gba gbogbo rẹ̀.

Ẹnì kan tó mọ DOS díẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi àmì > sẹ́yìn orúkọ sọ́fítíwíà, kí n kọ orúkọ fáìlì tẹ̀ lé e. Mo ṣe é. Kò sí ìlà lẹ́jà kan nínú fáìlì náà. Ohun tí sọ́fítíwíà bá ń gba ọwọ́ DOS sọ sójú kọ̀ǹpútà ni àmì yẹn ń darí, kò kan LPT1.

Windows XP fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà kan. Mo fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àfarawé tí wọ́n ń pè ní Generic / Text Only sórí kọ̀ǹpútà náà. Dípò kí n so ó mọ́ LPT1, mo dá ẹnu ọ̀nà mìíràn, Local Port, sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ orúkọ fáìlì, C:\LEJA\IWE.PRN. Mo ṣí i sílẹ̀ fún àjọlò pẹ̀lú orúkọ LEJA, mo wá pàṣẹ yìí, nínú èyí tí AKAPO jẹ́ orúkọ kọ̀ǹpútà náà:

net use lpt1 \\AKAPO\LEJA /persistent:yes

XP kọ̀ jálẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, torí kọ̀ǹpútà náà kò sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Nígbà tí mo fi Microsoft Loopback Adapter sí i, tó fi dà bíi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ó gbà. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí sọ́fítíwíà bá rán sí LPT1, inú fáìlì ló ń já sí.

Mo tẹ lẹ́jà oṣù kìíní, ó wọlé. Mo tẹ ti oṣù kejì àti ti oṣù kẹta. Mo ṣí fáìlì, ti oṣù kẹta nìkan ni mo bá. Port tó jẹ́ orúkọ fáìlì máa ń pa ohun tó bá níbẹ̀ rẹ́ ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ tuntun bá dé. Ìyẹn kò ṣòro: tẹ ọ̀kan, sún fáìlì rẹ̀ kúrò, tẹ òmíràn.

Lẹ́jà odidi ọdún ló fẹ́ pa mí. Mo tẹ̀ ẹ́, fáìlì rẹ̀ kún dáadáa, orúkọ ń bẹ níbẹ̀, owó ń bẹ níbẹ̀, àpapọ̀ wà nísàlẹ̀. Kò sí àṣìṣe kankan tí kọ̀ǹpútà sọ. Mo ti fi fáìlì náà sára ímeèlì tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ́dítọ̀, ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnì, kí n tó yí i padà sókè láti tún wo orí rẹ̀. Ohun tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ ni: OJU IWE 23.

Ojú ìwé 1 dé 22 ti lọ, kò sì sí ohunkóhun tó kígbe. Nígbà tí mo tún un tẹ̀, tí mo jókòó tì í, mo rí ìdí rẹ̀. Lẹ́jà náà ní apá 2: àwọn tí kò jẹ gbèsè ló ṣáájú, àwọn tó yáwó ló tẹ̀ lé wọn. Bó bá tẹ apá àkọ́kọ́ tán, sọ́fítíwíà á dákẹ́ kó lè ṣírò èlé gbogbo àwọn onígbèsè. XP kò mọ̀ pé ìṣirò ló ń ṣe. Bí LPT1 bá ti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, á ní iṣẹ́ ti parí, á pa á dé. Bí apá kejì ṣe wá dé, ó dé bí iṣẹ́ tuntun, ó sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá 15 yẹn wà nínú Registry, ibi tí Windows ń kó ètò rẹ̀ sí, lábẹ́ WOW, LPT_timeout ni orúkọ rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tòótọ́, kò sẹ́ni tó lè mọ̀: ìwé á dúró díẹ̀, á tún máa lọ, gbogbo rẹ̀ á sì wà nílẹ̀ níwájú ẹni. Inú fáìlì ni ìdákẹ́jẹ́ ti ń di ìpàdánù. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi sọ èyí láti ìgbà náà, mi ò sì ní yé sọ ọ́: fáìlì tó ṣófo kò léwu, torí gbogbo èèyàn ló máa rí i pé ó ṣófo. Èyí tó kún dé ìdajì ni ká bẹ̀rù.

Mo sọ 15 di 300, lẹ́jà jáde pé pérépéré. Ǹ bá dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n háàdì dísíìkì kọ̀ǹpútà náà ti ń ró kọ̀-kọ̀-kọ̀, ó sì hàn sí mi pé kò ní pẹ́ tẹ̀lé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ. Laptop tuntun tí ẹgbẹ́ ní, Windows 10 oníbíìtì 64 ni, ìyẹn kì í sì í ṣí sọ́fítíwíà DOS rárá. Mo gbé DOSBox-X, sọ́fítíwíà tó ń ṣe bíi DOS, sórí rẹ̀, mo da fódà ẹgbẹ́ sínú rẹ̀, mo wá kọ ìlà kan sínú fáìlì ètò rẹ̀:

parallel1=file timeout:120000

Bí a kò bá kọ timeout, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré ni DOSBox-X máa ń dúró kó tó pa fáìlì dé. Mo kọ́kọ́ dán an wò bẹ́ẹ̀, ó gé lẹ́jà ọdún kan sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀: iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dá fáìlì tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun nínú fódà capture, kò pa èyíkéyìí rẹ́. Àṣìṣe kan náà ni, ti XP gba ojú ìwé 1 dé 22 lọ, ti ibí gé e sí wẹ́wẹ́ lásán. Nígbà tí mo fún un ní 120000, ìyẹn ìṣẹ́jú 2, ó wọlé lódidi.

Níwọ̀n bí èlé ti ń tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀wé, mo ní láti dá ọjọ́ padà fún sọ́fítíwíà náà. Kí n tó ṣí i, mo fi àṣẹ DATE sọ fún DOS pé ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún tí ọ́dítọ̀ fẹ́ la wà. Ìwé àtijọ́ tí Mọ́mì fi pamọ́ ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan la fi yẹ̀ ẹ́ wò, ó bára mu dé kọ́bọ̀.

Fífọ fáìlì ló kù, ibẹ̀ náà sì ni mo ti tún ṣubú. Mo pe èyí tó jáde tààrà ní fáìlì àìfọ̀, mo sọ ọ́ di èyí tí kò ṣeé yí padà, orí ẹ̀dà rẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ tí a bá fi hex wò ó, ìyẹn ìkà onídá 16, tí 42 rẹ̀ jẹ́ 66 tiwa: 1B 40 0F 1B 43 42. 1B ni ESC, tó ń sọ pé àṣẹ ń bọ̀. 40 lẹ́yìn rẹ̀ ní kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. 0F ní kó fún lẹ́tà pọ̀ kí ìlà tó gùn lè wọ ojú ìwé. 43 àti 42 ní kí ojú ìwé gùn ní ìlà 66. Mo fi èdè Python kọ sọ́fítíwíà kékeré kan tó ń yọ gbogbo báìtì àṣẹ tó wà lábẹ́ 32 dànù, àfi àmì ìparí ìlà. Ohun tó kù ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì ni "@CB", àkọlé "AKOJO GBESE" sì di "EAKOJO GBESEF". ESC ti lọ, àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ lé e kò lọ. ESC E ló ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà dúdú, ESC F ló ń parí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ àṣẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àṣẹ kọ̀ọ̀kan gùn dé. E àti F kò ní ìrù, C ní: nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e.

Mo tún un ṣe. Mo wá ro àpapọ̀ gbèsè gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀, mo fi han Mọ́mì. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n tún un wọ̀. "Ẹgbẹ́ wa kò lówó tó báyìí níta rí, ọmọ mi."

Òótọ́ ni. Ìlọ́po 2 gan-an ni iye tí mo gbé jáde sí èyí tó wà nísàlẹ̀ lẹ́jà. Mo padà sínú fáìlì àìfọ̀. Níbi tí àpapọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan wà, olóògbé yẹn kò lo ESC E. Ó tẹ ìlà náà, ó rán 0D láìrán 0A, ìyẹn ni pé kí orí ẹ̀rọ padà sápá òsì láìfa ìwé sókè, ó sì tún un tẹ̀ lé ara rẹ̀ kó lè dúdú. Lójú ìwé, ìlà kan tó dúdú kirikiri ni. Python tí mo kọ sì ń ṣí fáìlì bí ọ̀rọ̀ lásán. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, 0D àdádó á di ìparí ìlà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìlà kan ṣe di 2 nìyẹn, tí gbèsè onígbèsè kọ̀ọ̀kan wọ ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì.

Irú ọgbọ́n yẹn kan náà ló fi ń ṣe àmì náírà. Kò sí ₦ nínú lẹ́tà ẹ̀rọ ìgbà yẹn, ó bá tẹ N, ó rán 08 kí orí ẹ̀rọ padà sẹ́yìn díẹ̀, ó wá tẹ = lé e. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí mo rí i. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wuyì ni, ọkùnrin náà mọ ẹ̀rọ rẹ̀ délẹ̀.

Mo wá pa Python àkọ́kọ́ tì. Èyí tuntun ń ṣí fáìlì ní báìtì (rb ni Python ń pè é), ó sì ń ṣe bí orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀. Ó ní ìlà kan tó ní àyè 137 níwájú rẹ̀. Lẹ́tà bá dé, á fi í sáyè tó kàn. 0D bá dé, á padà sí àyè àkọ́kọ́. 08 bá dé, á padà sẹ́yìn ní àyè kan. 0A, á lọ sí ìlà tuntun. 0C, ojú ìwé tuntun. Bí = bá bọ́ lé N, ₦ ló máa kọ. Bí lẹ́tà kan bá bọ́ lé irú ara rẹ̀, ẹyọ kan ló máa kù. Kóòdù náà kò pé ìlà 60, ó sì yanjú àpapọ̀ àti náírà lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó bá bá irú iṣẹ́ yìí pàdé, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè báyìí nìyí, kí n tó tan kọ̀ǹpútà: nọ́ńbà tó wà lórí ìwé yẹn, ṣé ó wà ní ibòmíràn, àbí ìgbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń bí i? Bí wọ́n bá ń bí i nígbà ìtẹ̀wé, mi ò ní ṣí DBF. Nígbà tí fáìlì bá jáde, mo máa ń ka nọ́ńbà ojú ìwé láti 1 dé òpin kí n tó ka ohunkóhun mìíràn, mo sì ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kà á fún mi, torí ojú á máa fò. Mi ò ní gba fáìlì kí n sì fọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí mo bá ti fọ̀ ọ́ bó ṣe ń wọlé ni, ǹ bá má rí 0D yẹn láé. Mo sì máa ń bẹ ẹni tó ti fọwọ́ di ìwé yẹn mú fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kó jókòó tì mí. Ìgbà 2 ni Mọ́mì gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà kò rí, rúlà àti gíláàsì ojú wọn ni wọ́n fi rí i.

Ọ́dítọ̀ gba fáìlì ọdún 3 náà. Ọkùnrin tó ní 60,000 lòun jẹ tún padà wá, ó mú ìwé rẹ̀ dání. Mọ́mì ní kí n ṣí fáìlì àìfọ̀ fún un, kì í ṣe èyí tí mo ti fọ̀. Mo wá orúkọ rẹ̀ kàn, mo fi ìka tẹ̀ lé báìtì tó wà níwájú gbèsè rẹ̀, mo sì ka ìtumọ̀ rẹ̀ sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan: 36 ni 6, 38 ni 8, 2C ni kọ́mà, 30 ni 0. Ó ní kí n tún kà á. Mo tún un kà.